"Fi Ìyà Jẹ" Kò Tó: Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ "Punish" ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tí ó bá bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí ni à ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà "punish" ní Yorùbá, kíá ni yóò gbọ́ èsì: "fi ìyà jẹ". Ohun kan náà ni olùkọ́ ń kọ sí ojú pátákó, ohun kan náà ni ògbufọ̀ ń sọ nínú kóòtù. Nǹkan tí gbogbo ènìyàn bá ti gbà báyìí a máa ṣòro láti yẹ̀ wò. Síbẹ̀, èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé "fi ìyà jẹ" àti "punish" kì í ṣe ìbejì, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá dé inú ìwé òfin tàbí iwájú adájọ́, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn lè gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fúnra rẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ni ó fara sin sínú rẹ̀: ẹni tí ó ní àṣẹ, ẹni tí ó ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀, àti ohun kíkorò tí a ṣe sí i nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Bí a bá sọ fún òyìnbó pé wọ́n "punish" ọmọkùnrin kan, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé kí ni ọmọ náà ṣe. Bí a bá sọ fún ará Ọ̀yọ́ pé ìyà jẹ ọmọkùnrin kan, kò ní bèèrè ohun tí ó ṣe. "Ó mà ṣe o" ni yóò sọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti máa wá oúnjẹ tí yóò fún un. Ẹjọ́ ni ti èkíní, àánú ni ti èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) Ìyà jẹ Àkànní.
(2) Àkànní jẹ ìyà.
(3) Wọ́n fi ìyà jẹ Àkànní.
(4) Àkànní jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Nínú (1), ìyà ni olùwà, Àkànní ni àbọ̀; nínú (2), wọ́n pààrọ̀ ipò, ṣùgbọ́n Àkànní náà ni ó ṣì wà nínú ìnira. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú méjèèjì. Òjò lè fi ìyà jẹ Àkànní. Ebi lè fi ìyà jẹ ẹ́. Ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lè fi ìyà jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nínú (3) a mọ̀ pé ènìyàn ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ bóyá adájọ́ ni tàbí adigunjalè. Ìgbà tí a dé (4), tí a so ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ìyà, ni a tó rí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ. Èyí já sí pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó pamọ́ sínú ọ̀rọ̀-ìṣe, Yorùbá ń fẹ́ kí á dárúkọ rẹ̀ ní gbangba.

Àwọn òwe wa jẹ́rìí sí i. Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kékeré a sì máa gorí ẹni: kò sí ẹni tí yóò gbọ́ èyí tí yóò rò pé ọ̀daràn ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rí tí ó tún lágbára ju òwe lọ ni orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí fún ara wọn ní ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí wọ́n dìde sí owó-orí àti sí ìwà àwọn agbowó-orí. Àgbẹ́kọ̀yà ni wọ́n jẹ́, àgbẹ̀ tí ó kọ ìyà. Rògbòdìyàn àkókò náà le dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ṣọ̀ún tí ó wà lórí oyè fi pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní ọdún 1969. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "punishment" gan-an ni ìyà, orúkọ náà yóò di ti àwọn arúfin tí kò fẹ́ gba ẹ̀bi wọn. Òdìkejì rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń sọ: àwọn kò ṣẹ̀, ìyà sì ń jẹ àwọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìpé kan nínú èdè wa ni èyí. Láti inú èdè Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí "punish", Faransé ni ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ Látìn tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni "poena", èyí tí àwọn ará Róòmù yá lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì. Láàárín àwọn Gíríìkì àtijọ́, owó tàbí ohun ìní tí a san fún ìdílé ẹni tí a pa ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Ọmọ ìyá "punish" ni "penalty". Ọmọ ìyá rẹ̀ náà ni "pain", èyí tí í ṣe ìrora lásán, tí ẹni tí kò ṣẹ̀ lè ní. Ìyá kan náà ni ó bí ìrora àti ìdájọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ni ó kó jáde lọ kọ́lé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Yorùbá, inú yàrá kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé. Bí a bá sì ń wá ohun tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì àtijọ́ náà nínú èdè wa, ìyà kọ́. Ìtánràn ni, owó tí ó tán ọ̀ràn. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá a máa gbàgbé ìyàtọ̀ tí ó ṣe: bí a bá tẹ́tí sí àwọn tí ń sọ bí ìjà ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti ń lọ, a óò gbọ́ tí wọ́n ń lo "punish" fún ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ ń bà láìṣẹ̀.

Bí a bá wá bèèrè bí àwọn baba wa ti ń sọ ọ́ kí kóòtù ìjọba tó dé, ìdáhùn wa ni pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe gan-an ni wọ́n ń dárúkọ. Wọ́n dè é. Wọ́n nà án ní ẹgba. Wọ́n gba ìtánràn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lé e kúrò nílùú. Wọ́n pa á. Baṣọ̀run Gáà, tí agbára rẹ̀ bo àwọn Aláàfin mọ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé, ṣubú sí ọwọ́ Aláàfin Abíọ́dún ní ọdún 1774. Títí di òní ni a ń sọ pé bí o bá láyà, kí o ṣe ìkà. Bí o bá rántí ikú Gáà, kí o ṣòótọ́. Nínú gbogbo ohun tí èdè wa ní láti sọ nípa ìdí tí a fi ń jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ìyà, bóyá ni a fi rí èyí tí ó ta òwe yìí yọ. Ṣùgbọ́n ìyà kò sí nínú rẹ̀, ìbáwí kò sí nínú rẹ̀. Ikú ni wọ́n dárúkọ.

Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ náà gba ọ̀nà yìí. Wọ́n ní Ògúnlọlá, ọdẹ àti tafàtafà, pa ènìyàn nínú ìjà, wọ́n sì mú un lọ sí iwájú Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ibi tí wọ́n há a mọ́ ni ó wà nígbà tí ó gbọ́ nípa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Ó tọrọ ààyè, ó lọ, ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ bọ̀, Aláàfin sì dá a sílẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n há a mọ́, wọ́n dá a sílẹ̀: bí ìtàn náà ti ń lọ nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n tí à ń fi oṣù àti ọdún kà lónìí, irin tí a fi ń de ènìyàn ni í ṣe tẹ́lẹ̀ rí. Àwùjọ tí ń fi ẹnu dájọ́ kò nílò ju èyí lọ, nítorí pé ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́ wà níwájú gbogbo ènìyàn, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì wà létí gbogbo wọn. Òfin tí a kọ sínú ìwé ni ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá ọ̀daràn tí a kò tíì bí mu.

Ní ọdún 1895 ni ọ̀nà méjèèjì kọ lu ara wọn ní Ọ̀yọ́. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ti bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọdún 1893. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bákàrè lọ́dàá nítorí ẹ̀sùn àgbèrè, ààfin ni a sì ka àṣẹ náà sí lọ́rùn. Kápútéènì Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, kà á sí ìwà ìkà. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù kọkànlá ọdún náà, Bower yin ìbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́.

A kò sọ èyí láti gbè sẹ́yìn ìtẹ̀lọ́dàá. Ohun tí ó burú burú. Ọ̀rọ̀ èdè ni à ń sọ. Lójú òfin Ọ̀yọ́ ìgbà náà, nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kà pé ó wà nínú "punish" ni ó pé sínú ohun tí wọ́n ṣe sí Bákàrè: àṣẹ wà, ẹlẹ́ṣẹ̀ wà, ẹ̀ṣẹ̀ wà, ohun kíkorò wà. Bower kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí òun alára wá ṣe ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń gbé ìlú Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà kò mọ ohunkóhun nípa Bákàrè. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọdún wọ̀nyẹn ní orúkọ tí ó ń fún irú ogun bẹ́ẹ̀, "punitive expedition". Òun ni wọ́n pe èyí tí wọ́n gbé lọ sí Bìní ní ọdún 1897. Báwo ni olùtumọ̀ yóò ṣe kọ èyí? "Ogun ìbáwí" yóò jẹ́ irọ́. "Ogun ẹ̀san" sún mọ́ ọn díẹ̀. Èyí tí èmi yóò mú ni "ogun ìfìyàjẹni", nítorí pé ìyà, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i, kì í dúró bèèrè ẹni tí ó ṣẹ̀. Níhìn-ín nìkan ni àìdárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ti ṣe wá láǹfààní.

Ẹ jẹ́ kí á kúrò ní ààfin, kí á wọ kóòtù òde òní, níbi tí kò ti ṣe wá láǹfààní rárá. Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 34, kọ̀ pé kí á "torture" ọmọ ènìyàn. Abala 36 sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn àfi bí òfin tí a kọ sílẹ̀ bá sọ ohun tí ọ̀ràn náà jẹ́ àti ohun tí a ó fi jẹ ẹni tí ó dá a níyà. Olùtumọ̀ tí ó ní "fi ìyà jẹ" nìkan lọ́wọ́ yóò lò ó fún méjèèjì. Àgbẹ̀ tí ó bá ka ohun tí ó kọ yóò rí i pé òfin ní a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ṣí ojú ìwé méjì síwájú, yóò rí i pé a lè fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá rúfin. Kí ni yóò gbà gbọ́? Ó lè gbà pé ìlùkulù tí ọlọ́pàá ń lu afurasí bófin mu. Dandan ni kí á fi "dá lóró" àti "ìdánilóró" sílẹ̀ fún "torture", kí á má ṣe jẹ́ kí ìyà súnmọ́ ibẹ̀.

Abala 36 kan náà ni ó fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ ní èdè tí ó yé e, kí ó sì ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ká ní bàbá àgbàlagbà kan wà níwájú adájọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Adájọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá kóòtù kankan ti dá a lẹ́bi, tí ó sì "punish" rẹ̀ rí. Ògbufọ̀ yí i padà báyìí: "Bàbá, wọ́n ní ǹjẹ́ kóòtù ti fi ìyà jẹ yín rí?" Bàbá rántí gbogbo ìgbà tí wọ́n ti sún ẹjọ́ rẹ̀ síwájú, owó ọkọ̀ tí ó ti ná, ebi tí ó ti pa á lórí bẹ́ǹṣì. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìyà ti jẹ mí ní kóòtù o." Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti jẹ̀bi rí. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ká ní ògbufọ̀ bèèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹ ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ kankan ní kóòtù rí?" bàbá ìbá dáhùn pé rárá.

Kì í ṣe ẹ̀sùn àròsọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóǹgò ní ìlú Ọ̀yọ́, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 800 sì bọ́ síta. Àwọn tí ń dúró de ìdájọ́ ni wọ́n. Kóòtù kò tíì dá wọn lẹ́bi. Gẹ̀ẹ́sì òfin kò lè sọ pé wọ́n ń "punish" irú àwọn bẹ́ẹ̀. Dídá ni a dá wọn dúró. Yorùbá ní ìyà ń jẹ wọ́n. Níhìn-ín, ojú Yorùbá ríran ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ìdí sì nìyí tí n kò fi bá àwọn tí wọ́n ní kí á pa "ìyà" tì pátápátá kẹ́gbẹ́. Ọdún méjì ṣáájú, ní 2019, òfin tuntun ti yí orúkọ àjọ tí ń tọ́jú ẹ̀wọ̀n padà: àtúnṣe ìwà ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń sọ báyìí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣì ń pè é.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Àwọn ọmọ ti yanjú rẹ̀ fúnra wọn: "tíṣà pọ́níìṣì wa" ni wọ́n ń wí, wọn a sì ṣàlàyé bóyá koríko ni wọ́n gé tàbí wọ́n kúnlẹ̀ lábẹ́ oòrùn. Èyí tí ó yẹ olùkọ́ àti òbí ni "bá wí". Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: "bá" àti "wí", ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni. Bí pàṣán tilẹ̀ wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìfẹ́ ni a sì retí níbẹ̀. Òun ni a fi ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Bíbélì Yorùbá tí ó pé ní ọdún 1884, èyí tí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, mú kí "ìbáwí" fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1855, ìjọ a máa fi ọmọ ìjọ sí abẹ́ ìbáwí láìfọwọ́ kàn án. Gẹ̀ẹ́sì òfin náà mọ ìyàtọ̀ yìí: nígbà tí òfin ọ̀daràn ilẹ̀ wa ń sọ nípa ọmọ tí òbí tàbí olùkọ́ nà, "correction" ni ó lò. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 wá kọ̀ fún ilé ẹjọ́ láti pàṣẹ pé kí á na ọmọdé. Nítorí náà, "chastise" àti "discipline" ni kí "bá wí" dúró fún, kí á sì jẹ́ kí ó jìnnà sí adájọ́.

Kí ni ó wá kù fún adájọ́? Àwọn tí wọ́n ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 lábẹ́ Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ́ wa pé kí á wo inú èdè dáadáa kí á tó lọ hun ọ̀rọ̀ tuntun. Bí a bá wò ó, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí láìsí ìnira: "dá sẹ̀ríà fún". Ara Lárúbáwá ni ó ti wá. Ní Hausa, ìdájọ́ àti ẹjọ́ ni a ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Bí a bá gbọ́ pé adájọ́ dá sẹ̀ríà fún ẹnìkan, a ti mọ̀ pé ẹ̀sùn wà, ẹjọ́ wà, ẹ̀bi wà. Ẹ fi òjò dán an wò. Òjò lè fi ìyà jẹ wá, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní òjò dá sẹ̀ríà fún òun, àwàdà ni ó ń ṣe, tàbí kí ó jẹ́ pé ó gbà pé òun ti ṣẹ òjò. Àdánwò yìí kan náà ni "punish" ń yege ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ti gbọ́ àtakò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kan ni. Àlàáfíà àti àdúrà ńkọ́, àwọn tí ó gba ọ̀nà kan náà wọlé, tí kò sì sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lò wọ́n? Àtakò tí ó lágbára díẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ "sẹ̀ríà" lè da àwọn ènìyàn rú nítorí ìjiyàn tí ó ti wáyé lórí òfin Mùsùlùmí. Fún ìdí èyí, nínú ìwé òfin, a lè lo "dá sẹ̀ríà fún" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, kí á sì fi "ìyà ẹ̀ṣẹ̀" ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, èyí tí ó jáde láti inú gbólóhùn (4) lókè. Ìtánràn yóò dúró fún owó nìkan.

Ẹni tí ó bá ṣì ń ṣiyèméjì pé Yorùbá lè fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ó wo òdìkejì "punish". Bí òfin bá kùnà láti mú ẹlẹ́ṣẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì a ní ó ti ṣe é pẹ̀lú "impunity", ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dá àwọn oníròyìn dúró nígbà tí wọ́n bá ń túmọ̀. Wọn a kọ "láìsí ìjìyà", èyí tí ẹni tí kò ṣẹ̀ náà lè ní. Ó ya mí lẹ́nu pé wọ́n gbàgbé "àjẹgbé". Bí a bá sọ nípa ẹnìkan pé kò ní jẹ ẹ́ gbé, a kò nílò láti sọ pé ó ṣẹ̀; bí kò bá ṣẹ̀, kí ni yóò jẹ gbé?